Ike Dúdú Ara Ọkọ̀: Ohun Tí Iṣẹ́ Pọ́líìṣì Fi Yé Mi

Orí ọ̀dà kọ́ ni iṣẹ́ pọ́líìṣì ti sábà máa ń bàjẹ́. Etí ọ̀dà ni, níbi tó ti fẹnu kan ike dúdú tí wọn kì í kùn láti ilé iṣẹ́: ìsàlẹ̀ bọ́ńpà, ìdí sáìdì mírọ̀, ike abẹ́ wáípà, etí fẹ́ńdà, ọ̀pá orí rúùfù. Bọ́nẹ́ẹ̀tì lè máa dán bíi dígí. Tí ike tó yí i ká bá ti ṣí, tó ní funfun lára, òun ni ojú máa kọ́kọ́ lọ bá. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi yé mi, tí mo sì ń tẹnu mọ́ fún gbogbo ọmọṣẹ́ tó bá wá kọ́ ọ, ni pé ọ̀dà ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ pọ́líìṣì fún; ìmọ́tótó ni ike ń fẹ́. Ọ̀dà òkè tí kò ní àwọ̀, tí a ń pè ní clear, sábà máa ń nípọn tó 35 sí 50 micron (micron 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan), a sì lè bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kúrò lára rẹ̀ kí ìlà orí rẹ̀ lè lọ. Ike ṣákiṣàki kò ní irú rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ bá gé kúrò lójú rẹ̀, ó lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń mú kí ó ṣí. Polypropylene ni púpọ̀ nínú àwọn ike yìí, tí wọ́n po rọ́bà díẹ̀ mọ́ kí ó má baà máa fọ́. Èédú lúbúlúbú ni wọ́n fi sọ ọ́ di dúdú. Oòrùn a máa já àwọn okùn tín-ín-tìn-ín tó so ike pọ̀ lójú òkè, ojú rẹ̀ á wá sán wẹ́wẹ́, sísán tí ojú lásán kò lè rí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sórí ibi tó sán yìí á fọ́n káàkiri, ohun tí a ó sì rí ni àwọ̀ eérú. Dúdú rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí òjò bá pa á, àwọ̀ rẹ̀ á padà: omi ló dí àwọn ibi tó sán. Omi gbẹ, eérú tún dé. Gbogbo nǹkan tí wọ́n ń tà fún ike, iṣẹ́ tí omi yẹn ṣe náà ni wọ́n ń ṣe. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó níbẹ̀.

Ibi tó bá kọjú sókè ló máa ń kọ́kọ́ ṣí: ike abẹ́ wáípà, orí bọ́ńpà ẹ̀yìn, ọ̀pá rúùfù. Ike ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn á ṣì dúdú dáadáa nígbà tí àwọn wọ̀nyí ti di eérú. Ọkọ̀ tó ń sùn ní Lẹ́kí tàbí Victoria Island tún ní iyọ̀ òkun tó ń bà lé e, tí ó ń gbẹ sínú ojú ṣákiṣàki náà. Lásìkò ọyẹ́, eruku á tún lẹ̀ mọ́ ọn.

Kí ẹ tó fi ohunkóhun kàn án, ẹ wọ́n omi sí i lórí, kí ẹ sì wò ó. Bí omi bá tàn kálẹ̀ tí ike sì dúdú lójú ẹsẹ̀, oòrùn ló jẹ ẹ́, ó sì ṣeé tún ṣe. Bí omi bá ṣù jọ kóró-kóró tó ń yí dànù, ọ̀rá tàbí sílíkónì ti àná ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí nǹkan tuntun tó máa lẹ̀ mọ́ ọn títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ̀yìn ìyẹn, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ fi fọ ibi kékeré kan. Bí ìfófòó rẹ̀ bá di funfun bí ẹni pé ẹfun wà nínú rẹ̀, kọ́ńpáùn tí pẹ́ńtà fi rọ́ọ̀bù ọkọ̀ náà ni. Púpọ̀ nínú ike tí wọ́n ń gbé wá fún mi pé ó ti pa àwọ̀ dà, kọ́ńpáùn ló wà lára rẹ̀ ju oòrùn lọ, pàápàá ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ti fún ní ọ̀dà díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ onímọ́tò pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fi ń pa á tẹ́lẹ̀?" Ìdáhùn yẹn máa ń sọ bí iṣẹ́ ọjọ́ náà ṣe máa gùn tó.

Ìdí tí kọ́ńpáùn fi ń ṣòro kúrò kò le. Lúbúlúbú líle tó ń gé ọ̀dà ló wà nínú rẹ̀, funfun ni, òróró ló sì gbé e. Fóòmù ẹ̀rọ á ta á sínú àwọn kòtò kéékèèké ojú ike, ooru á gbẹ òróró rẹ̀, lúbúlúbú á wá jókòó síbẹ̀. Àkísà tí ẹ bá fi nù ún á máa gba orí gegele kọjá ni, kò ní dé inú kòtò. Nítorí náà, búrọ́ọ̀ṣì ló lè yọ ọ́, kì í ṣe agbára apá.

Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ rèé. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ibòji, kí ike sì tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn ọwọ́ lè dúró lórí rẹ̀. Mo máa ń po ọṣẹ olómi tí a ń pè ní APC (all-purpose cleaner) 1 mọ́ omi 10. Bí ọ̀rá bá pọ̀, 1 mọ́ 5. Mo á fín in sórí ibi tí kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, mo á dúró bí ìṣẹ́jú 1, n kò sì ní jẹ́ kí ó gbẹ. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ni mo fi ń fọ̀ ọ́ yípo, kí n tó fà á lọ ní òòró àti ní ìbú, nítorí kòtò ojú ike kò kọjú síbì kan ṣoṣo. Mo á ṣan án, mo á tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ìfófòó bá jáde láìní eérú nínú ni mo tó gbà pé ó mọ́. Ìlà wax kékeré tó bá kù, ìrésà pẹ́ńsù lè mú un kúrò. Sponge funfun tí wọ́n fi ń nu ògiri náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n sánpépà ni ìyẹn lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ẹ gbé e lé e fẹ́rẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú ṣákiṣàki á di bọ̀rọ́ níbẹ̀, á máa kọ mànà títí ayé. Tínà àti bẹntiróòlù, ẹ gbé wọn jìnnà. Tínà máa ń ba ọ̀dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́, bẹntiróòlù sì ń mú kí rọ́bà etí gíláàsì wú.

Omi tí ẹ fi ń ṣan án ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Omi bọ́ọ̀hò púpọ̀ ní Èkó ní irin nínú, bó bá sì gbẹ sójú ike, á fi àbààwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú sílẹ̀ lábẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ fi pa á. Bí omi yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi omi inú nylon ṣe àṣangbẹ̀yìn: méjì tàbí mẹ́ta ti tó fún bọ́ńpà kan. Ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ gbẹ, pàápàá níbi oríkèé àti ibi ìdè. Ẹ ṣọ́ra fún afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fọkanáísà, nítorí omi àti ọ́ìlì máa ń bá a jáde bí wọn kò bá tíì tú ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì rẹ̀ dànù.

Ní ti ẹ̀rọ, ohun tó ń dáàbò bo ike ni pépà tépù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣahun. Mo máa ń lo oní 24 mm fún etí tó fẹ̀, 18 mm fún tẹ́ẹ́rẹ́. Mo á fi etí káàdì ike kan tẹ tépù wọnú àlàfo tó wà láàárín ọ̀dà àti ike, kí ó má baà gbọn sókè nígbà tí fóòmù bá kàn án. Ike abẹ́ wáípà fẹ̀ jù fún tépù nìkan. Nylon ni mo máa ń tẹ́ sórí rẹ̀, tépù á wá mú etí nylon náà. Tépù olówó pọ́ọ́kú tí oòrùn bá pa fún wákàtí mélòó kan á fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀, gọ́ọ̀mù yẹn sì le kúrò lójú ṣákiṣàki ju kọ́ńpáùn lọ. Nítorí náà, ibi tí ẹ máa pọ́líìṣì lónìí ni kí ẹ lẹ̀, kí ẹ sì ṣí i lónìí, kí ẹ fà á padà sẹ́yìn lọ́nà dídábùú, jẹ́jẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń yí tó sì tún ń mì, tí a mọ̀ sí DA, ni mo fẹ́ràn jù létí ike. Rotary tó ń yí síbì kan lágbára, ó sì ń gbóná kíákíá. Bí etí fóòmù rẹ̀ bá fara kan ike fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, ó ti jó o. Bí rotary nìkan lẹ ní, ẹ má kọjá ìyípo 1,200 ní ìṣẹ́jú kan létí ike, kí ẹ sì fi fóòmù 75 mm rọ́pò ńlá. Fún DA, ìpele 4 tàbí 5 tó fún gígé, 3 fún dídán. Kọ́ńpáùn tí kò ju ẹ̀kán 4 lọ, tó kéré bí èso ẹ̀wà, tó fún ibi 40 cm sí 40 cm. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tó wà ní pípa tẹ kọ́ńpáùn náà káàkiri kí ẹ tó tàn án. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ nígbà tí kọ́ńpáùn ṣì wà ní ṣíṣù, á ta sára gbogbo nǹkan. Ẹ fà á lọ ní òòró lẹ́ẹ̀mejì, ní ìbú lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, kí ẹ tó nù ún. Fóòmù onírun àgùntàn máa ń ta jù, irun rẹ̀ sì ń há sí rọ́bà etí gíláàsì. Mi ò kì í gbé e dé itòsí ike.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ pọ́líìṣì púpọ̀ ń jẹ 900 sí 1,200 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo àdúgbò ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e. Ẹ̀rọ á máa lọ sókè sódò lọ́wọ́ yín, bó bá sì fò sókè lójijì létí bọ́ńpà, tépù ló máa kọ́kọ́ fà ya. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA sókè ni kí ẹ lò, kí wáyà tó gbé iná wá sì nípọn dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí kò ní ọ̀dà ni ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ kàn. Òpó dúdú àárín ilẹ̀kùn méjì, èyí tó ń dán, tí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, ṣeé pọ́líìṣì. Òun gan-an ló máa ń ní ìlà jù, nítorí àwọn tó ń fi àkísà gbígbẹ nu eruku kúrò lára ọkọ̀ nínú gòsìlóò. Fóòmù rírọ̀ 75 mm, pọ́líìṣì ìparí, DA ní ìpele 3, ó tó. Ike kì í gbé ooru lọ síbòmíràn bí irin ṣe ń gbé e, nítorí náà ẹ máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án nígbà gbogbo, kí ẹ sinmi bó bá ti gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ wo etí rẹ̀ dáadáa ná. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, bébà ike dúdú tín-ínrín ni wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn, kì í ṣe ike gidi. Ẹ fi èékánná wá etí rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, nítorí yóò ká sókè. Èyí tó bá ti sán, ká bó o kúrò ká lẹ òmíràn ló kù.

Irin funfun etí gíláàsì lára Mercedes àti BMW náà ní tirẹ̀. Alumíníọ̀mù ni, tí wọ́n ti ṣe ojú rẹ̀ le láti ilé iṣẹ́. Ọṣẹ tó le àti ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ wíìlì ló ń sọ ọ́ di funfun kúṣúkúṣú, ẹ má ṣe jẹ́ kí APC tí ẹ fi ń fọ ike ṣàn dé ibẹ̀ kó sì gbẹ. Ẹ fi pọ́líìṣì irin díẹ̀ dán ìwọ̀n íǹṣì kan wò. Bí àkísà kò bá dúdú, ojú líle náà ṣì wà, ẹ sì lè máa bá a lọ pẹ̀lú fóòmù kékeré. Bí àkísà bá dúdú kirikiri, ẹ ti dé ara alumíníọ̀mù. Ó ṣì lè dán, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ kí ó tó tún ṣú àfi bí ẹ bá fi nǹkan bò ó. Ẹ sọ èyí fún onímọ́tò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti gba owó.

Bí ike bá ti mọ́ tó sì gbẹ, ẹ pinnu ohun tí ẹ máa fi pa á. Èyí tí a ń pè ní dressing, oní-omi, kì í tàbàwọ́n sára aṣọ, kì í sì fa eruku púpọ̀, ṣùgbọ́n òjò mélòó kan á gbé e lọ. Oní-sílíkónì tó ń dán bí òróró yàtọ̀: àwọn tó ń fọ ọkọ̀ máa ń fín in sórí ike tó ṣì tutù, òjò àkọ́kọ́ á sì fà á sálẹ̀ sára ilẹ̀kùn ní ìlà-ìlà. Fún ọkọ̀ tó ń sùn nínú oòrùn, coating ike ni mo máa ń dá lábàá, nítorí ó ń dì mọ́ inú àwọn ibi tó sán ni, ó sì lè lo oṣù púpọ̀ níbẹ̀.

Coating kò fi ààyè gba ìwàǹwára. Ẹ fi isopropyl, ìyẹn ọtí (alcohol) tí a fi ń nu ọ̀rá kúrò, nu ike náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ó rí i rà ní ọjà kẹ́míkà Ọ̀jọ́ta. Ẹ lẹ tépù mọ́ etí ọ̀dà, nítorí èyí tó bá gbẹ sórí ọ̀dà, ẹ̀rọ ló máa yọ ọ́. Ẹ̀kán 4 tàbí 5 sórí fóòmù kékeré tí aṣọ bò, ẹ fi pa ibi 30 cm, ní òòró kí ẹ tó lọ ní ìbú, kí ó wọ inú kòtò. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ló ń mú un dì, ọ̀rinrin Èkó sì pọ̀, nítorí náà á yára dì ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò lọ. Bí ìgò bá ní kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 3, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti ìṣẹ́jú 1. Ẹ fi aṣọ ìnukọ̀ rírọ̀ (microfiber) tó mọ́ tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ibi tó bá ṣú ju àwọn yòókù lọ, coating ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ tuntun rin ín lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì nù ún. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, kò sí bí ẹ ṣe máa ha á kúrò lójú ṣákiṣàki láìba ojú náà jẹ́. Ìgbà kejì á tẹ̀lé e lẹ́yìn wákàtí 1, omi kò sì gbọ́dọ̀ kàn án fún wákàtí 24. Ẹni tí kò bá ní ibi tó bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹfà.

Àwọn nǹkan kan wà tí mi ò lè fọwọ́ sí. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà nínú ẹ́ńjìnnì, dísẹ́ẹ̀lì àti kẹrosíìnì, gbogbo wọn ń sọ ike di dúdú lójú ẹsẹ̀ nítorí ohun tí mo sọ nípa omi lókè. Wọ́n ń fa eruku, wọ́n ń ṣàn, wọ́n sì ń mú rọ́bà etí gíláàsì wú títí tí gíláàsì á fi máa há. Pọ́líìṣì bàtà náà kì í ju òjò kan lọ. Rọ́bà etí gíláàsì kò bèèrè ju ọṣẹ rírọ̀ àti dressing oní-omi lọ.

Heat gun, ẹ̀rọ ọwọ́ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná, ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ooru rẹ̀ ń yọ́ ojú ike tó sán fẹ́ẹ́rẹ́, ibi tó sán á dì, dúdú á padà. Ṣùgbọ́n kò dá ohun tí oòrùn ti jẹ padà. Polypropylene ń yọ́ ní nǹkan bí 160 sẹ́ńtígíréèdì, afẹ́fẹ́ ẹnu heat gun sì lè kọjá 400. Bí ọwọ́ bá dúró lójú kan, ojú ṣákiṣàki ti lọ. Mo máa ń fi sílẹ̀ fún ike tí ohunkóhun kò bọ́ sí mọ́, ní nǹkan bí 10 cm, ọwọ́ kì í dúró, ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ní láti wà lábẹ́ àkísà tútù. Bí ẹ bá ti lò ó tán, coating ló kàn, kì í ṣe kí ẹ fi í sílẹ̀ lásán fún oòrùn.

Kíkùn ni pẹ́ńtà máa ń kọ́kọ́ dábàá. Ọ̀dà kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ polypropylene, ìdí nìyí tí bọ́ńpà tí wọ́n kùn láìlo primer ike (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń mú ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ike) fi ń bó ní etí kí ọdún tó yí. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ kùn ún, kí ó fi Scotch-Brite (ìhanǹkan bíi kànìnkànìn) aláwọ̀ eérú ha á, kí ó fín primer ike, kí dúdú tí kò dán jù tó tẹ̀lé e. Kí ẹ tó sọ ohunkóhun di dúdú, ẹ ṣí ẹ̀yìn nọ́ḿbà pílétì tàbí ẹ̀yìn ìbòjú bọ́ńpà wo àwọ̀ tó bí i. Honda CR-V ọdún 2002 sí 2004 púpọ̀, eérú ni ike bọ́ńpà rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹ máa sọ ọ́ di ọkọ̀ mìíràn ni bí ẹ bá fi dúdú bò ó láìbéèrè.

Coating tó bá kù sínú ìgò, ẹ nu ẹnu rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó dé e, ẹ gbé e dúró ní òòró síbi tútù. Ọ̀rinrin tó bá wọlé á mú un dì nínú ìgò. Bó bá ti ń fà bí oyin, tàbí tí ẹ rí kóró wẹ́wẹ́ létí ìdérí rẹ̀, ẹ má fi í kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìgò 30 ml tuntun tó fún ike ọkọ̀ kan bí kò bá pọ̀ jù.